Ìlà Tó Wọ́ Nínú Awò Ìbọn

Ó ti rẹ̀ mí kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá awò tuntun. Ẹni tó bá ti ń wa bọ́ọ̀sì ní London láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú títí tó fi funfun á mọ irú àárẹ̀ tí mò ń sọ. Kì í ṣe àárẹ̀ tí oorun ń wò. Mo máa dé láti ibi iṣẹ́, mo máa jókòó sí ilé ìdáná wa ní Peckham tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀, ìyàwó mi á gbé tíì síwájú mi, á sì máa wò mí títí tíì á fi tutù. "Alhaji, ẹ kúkú bọ́ bàtà," ni á wí. Ẹnu mi á wúwo láti dá a lóhùn.

Ohun kan ṣoṣo tó ń fún ọkàn mi nísinmi nígbà náà ni ìbọn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Awakọ̀ òyìnbó kan tí a jọ ṣiṣẹ́, tó ti fẹ̀yìn tì báyìí, ló mú mi wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń yìnbọn fún eré ìdárayá ní Kent. A kì í yin ẹran, a kì í yin ẹyẹ. Bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pátákó là ń yìn. Èèyàn á dùbúlẹ̀ sórí ẹní, á mí wọlé, á mí síta, á rọra fa ìbọn. Kò sí ẹni tó máa tẹ aago pé òun fẹ́ bọ́ sílẹ̀. Kò sí ẹni tó máa bú ìyá mi nítorí pé ọ̀nà dí. Ìyàwó mi ní òun ò rí irú ẹ̀ rí, àgbàlagbà tó ń wá ìsinmi lọ sídìí ìbọn. "Ṣé ẹkùn wà ní ọjà Rye Lane ni?" Mo ní ẹkùn pọ̀ níbẹ̀, kó jáde lọ ra ẹja ní ọjọ́ Sátidé kó wò ó.

Ìbọn náà kì í wọ Peckham o. Inú àpótí irin ní ilé ẹgbẹ́ ló ń gbé, abẹ́ àgádágodo. Bí mo bá dé láti Kent lọ́jọ́ Sátidé, ọwọ́ mi lásán ni mo máa fi wọlé, ara mi á sì fúyẹ́ títí di ọjọ́ Mọ́ńdè.

Lẹ́yìn náà ni ìlà inú awò mi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́.

Kí n ṣàlàyé. Awò ìbọn ni ọ̀pá dúdú kékeré onílẹ́ńsì tí wọ́n ń dè mọ́ orí ìbọn. Tèmi jẹ́ irú èyí tí agbára rẹ̀ kò pọ̀. Bó o bá yí òrùka ara rẹ̀ wálẹ̀ tán, bí ojú lásán ṣe ń rí nǹkan ló máa hàn. Bó o bá yí i sókè, á máa sún nǹkan mọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Nínú rẹ̀ ni àmì wà, ìlà méjì tó dábùú ara wọn. Ibi tí ìlà méjèèjì ti pàdé ni wàá gbé lé àárín bébà kó o tó fa ìbọn. Àmì yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Bí kò bá sí àmì, ọ̀pá lásán lo gbé dání.

Ìlà tèmi tín-ín-rín. Lọ́jọ́ kan ní pápá, mo fojú sí awò, mo rí i pé ìlà òòró náà tẹ̀ díẹ̀ ní àárín. Mo nu lẹ́ńsì. Ó ṣì tẹ̀. Mo ní ó dáa, ayé náà ti tẹ̀, kí ni ìlà kan fi burú? Mo yìnbọn mi.

"Ó wọlé, Ẹ̀gbọ́n!" Ọkọ àbúrò ìyàwó mi ló sọ bẹ́ẹ̀.

Òun ni mo ń mú lọ sí pápá. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní káńsù, òun náà sì ti bímọ mẹ́ta. Ọmọ tó gba ẹ̀kọ́ ilé délẹ̀ ni. Bó bá pàdé mi níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ran ní Rye Lane, inú òjò, láàárín èrò, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Mo máa ń sọ fún un pé, "Dìde jàre, wọ́n á rò pé mo lù ọ́ ni." Bí a bá dé pápá, á gbé awò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní mi, á máa wo bébà lọ́ọ̀ọ́kán, á sì máa sọ ibi tí ọta mi bà fún mi. "Ó wọlé." "Ó kù díẹ̀ kó bọ́ sí àárín gan-an." "Háà, Ẹ̀gbọ́n, ẹ kì í ṣe ẹgbẹ́ wa!"

Tí wọ́n bá ní kí gbogbo èèyàn gbé ìbọn sílẹ̀, oníkálùkù ló máa ń rìn lọ wo pátákó tirẹ̀, á sì fi bébà kékeré dí ojú ihò tí ọta lu kí ó lè tún un yìn. Èmi kì í lọ. Orúnkún mi ti bá títẹ bíréèkì bọ́ọ̀sì lọ, ọ̀nà náà sì jìn, ẹrẹ̀ ni gbogbo ibẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kí n ní àbúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n tún máa fi ẹsẹ̀ ara mi rìn lọ? Òun fúnra rẹ̀ kò jẹ́ gbà. "Ẹ jókòó, Ẹ̀gbọ́n. Lójú mi kọ́ lẹ máa ti rìn dé ibẹ̀ yẹn." Á sáré lọ, á dí ihò tirẹ̀, á dí ihò tèmi, á padà wá pẹ̀lú ẹ̀rín. Àwọn òyìnbó ẹgbẹ́ wa máa ń pariwo mọ́ ara wọn bí ẹnì kan bá tàsé, ọmọ á máa fi bàbá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Mo máa ń wò wọ́n, mo máa ń dúpẹ́ pé àwa ní ẹ̀kọ́.

Nígbà tí ìlà náà wọ́ sí i, mo sọ fún un. Ó nu lẹ́ńsì awò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, àmì yẹn ló tín-ín-rín jù. Irú ojú àgbà báyìí, àmì tó nípọn ló yẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ ká wá òmíràn."

Bí mo ṣe kó sí wàhálà nìyẹn. Mi ò mọ̀ pé àmì lásánlàsàn lè pọ̀ tó báyẹn láyé. Ó ń fi àwòrán wọn ránṣẹ́ sórí fóònù mi, mo ń wò wọ́n nígbà tí mo bá dúró ní òpin ọ̀nà ní Lewisham tí mò ń retí àsìkò àtigbéra. Ọ̀kan wà tí ẹsẹ̀ ìlà rẹ̀ kún fún òǹkà wẹẹrẹ wẹẹrẹ, láti ìsàlẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́, kí èèyàn lè fi wọ̀n bí ọta ṣe máa já sílẹ̀ bí ọ̀nà bá jìn. Mo ní rárá. Ẹni tó ti fi ojoojúmọ́ ayé rẹ̀ ka àmì ojú pópó kò tún fẹ́ lọ kàwé nínú awò. Ọ̀kan wà tó jẹ́ òrùka ńlá pẹ̀lú ẹ̀kán pupa tí bátìrì ń tàn ní àárín. Ìyẹn dára fún ohun tó bá sún mọ́ni tó sì ń fẹ́ ìyára, ṣùgbọ́n ẹ̀kán pupa yẹn máa ń fọ́n ká lójú mi. Ọ̀kan tún wà tó ní ọ̀pá mẹ́ta tó nípọn, ọ̀kan láti ọ̀tún, ọ̀kan láti òsì, ọ̀kan láti ìsàlẹ̀, tí orí wọn ń tọ́ka sí àárín. Kò ní èrú. Èyí wù mí.

Kò tán síbẹ̀. Wọ́n ní àmì kan wà tó ń tóbi bí èèyàn bá ṣe ń sún nǹkan mọ́ra, òmíràn wà tí kì í yí ìwọ̀n padà. Èyí tó ń tóbi, òǹkà rẹ̀ máa ń péye nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n bó o bá yí awò wálẹ̀ pátá, á kéré títí ojú ò fi ní rí i mọ́. Èyí tí kì í yí padà, kedere lo máa rí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àbúrò mi yìí ní èyí tí kì í yí padà ni kí n mú. Mo ní mo ti gbọ́. Ìyàwó mi ní, "Alhaji, ẹ ti fi fóònù fọ́ ojú yìí tán." Mo ní kó má fi ẹnu rẹ̀ gbà á fún mi.

Ní òpin gbogbo rẹ̀, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Kent láti fojú ara mi wò wọ́n. Ọkùnrin tó ń tajà to awò sílẹ̀ fún mi lórí tábìlì. Mo gbé wọn sójú lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kọjú sí ọgbà onígi tó wà níwájú ilé. Èyí àkọ́kọ́, ó wọ́ ní àárín. Mo gbé e sílẹ̀. Èyí èkejì náà wọ́. Mo ní lọ́kàn mi pé ọjà gbàǹjo ni wọ́n ń tà ńbí. Ọlọ́pàá mẹ́ta yẹn, mo ń pe ọ̀pá mẹ́ta ní ọlọ́pàá nítorí bí wọ́n ṣe dúró gbọn-in, òun ló sàn jù: ọ̀pá rẹ̀ nípọn, kò tẹ̀ púpọ̀, kìkì ibi tí orí wọn ti fẹ́ pàdé ló rú bí omi ọṣẹ. Ó ti sú mi. Mo rà á, mo gbé e sínú àpò, mo wọ ọkọ̀ ojú irin padà sí Peckham.

Mo dé ilé, mo tú u sílẹ̀ lórí tábìlì ìdáná. Mo gbé e sójú, mo kọjú sí fèrèsé. Ìyàwó mi figbe ta. "Ẹ gbé e kúrò ní fèrèsé! Ṣé ẹ fẹ́ kí ọlọ́pàá wá fọ́ ilẹ̀kùn ni? Ọkùnrin dúdú, awò ìbọn, fèrèsé, ní Peckham!" Ó kúkú sọ òótọ́. Mo yíjú sí ọ̀nà àbákọjá inú ilé wa, mo gbé awò náà lé ilẹ̀kùn funfun tó wà ní ìparí rẹ̀. Ó tún rú. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn pàápàá tẹ̀ wọlé.

Mo ní, "Gbà, wò ó. Ṣé ìwọ náà kò rí i pé ọ̀pá yìí wọ́?"

Kò fẹ́ fọwọ́ kàn án. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó gbé e sójú bí ẹni tó gbé ejò, ó wò ó. Ó ní, "Ó gún régé."

"Wò ó dáadáa."

"Mo ní ó gún. Ó gún bí òpó iná. Kí ló tún kù?"

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìbínú. Mo rò pé obìnrin ò mọ̀ nípa awò. Omi ti kún ojú ọ̀tún mi nítorí bí mo ṣe ti ń fún un láti òwúrọ̀, torí náà mo fi ojú òsì wò ó, lásán, kí n kàn fi hàn án.

Ó gún.

Mo padà sí ojú ọ̀tún. Ó rú. Mo padà sí òsì. Ọ̀pá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró gbọn-in, ilẹ̀kùn dúró, àárín mọ́ kedere. Mo gbé awò sílẹ̀ lórí tábìlì, mo fi ọwọ́ bo ojú òsì, mo wo ojú ìyàwó mi. Mo rí ìborùn rẹ̀, mo rí ejìká rẹ̀. Ibi tó yẹ kí imú rẹ̀ wà, èéfín ni.

Sùbùhánàlláì! Ẹ̀rù bà mí. Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà. Ojú méjèèjì ni mo fi ń wakọ̀, èyí òsì ti ń bá èyí ọ̀tún bo àṣírí, mi ò sì mọ̀. Ọ̀dọ̀ ìbọn nìkan ni mo ti ń di ojú kan. Bí ojú yìí bá lọ, iṣẹ́ lọ nìyẹn. Kí ni mo tún mọ̀ ọ́n ṣe?

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ béèrè rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ ní ọta yín ń wọlé ní gbogbo Sátidé?"

Òun nìyẹn. Bí mi ò bá rí àárín, báwo ni ọta ṣe ń bà á? Mo pe àbúrò mi lórí fóònù. Mo ní, "Àwọn ihò tó o máa ń lọ dí ní pátákó mi, ibo ni wọ́n máa ń wà?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mò ń bọ̀ nílé."

Ó dé kí n tó kírun ìrọ̀lẹ́ tán. Kò jókòó. Ó na ara rẹ̀ gbalaja sílẹ̀ ní ọ̀nà àbákọjá, tòun ti káàdì iṣẹ́ káńsù lọ́rùn. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Ó ti pẹ́ tí kò ti wọlé. Nígbà míì kì í bá bébà rárá. Ara igi pátákó ni mo ti máa ń rí i."

Mo ní, "Ìwọ lo ń sọ fún mi pé ó wọlé."

"Ẹ̀gbọ́n, báwo ni mo ṣe fẹ́ la ẹnu mi kí n ní ẹ tàsé? Èmi? Ẹ̀yin lẹ gbé mi jókòó nílé yín nígbà tí mo dé ìlú yìí. Ọjọ́ Sátidé nìkan ni mo máa ń rí i tí ẹ ń rẹ́rìn-ín. Mo rò pé bí a bá rí àmì tó dáa, ẹ ó tún máa bà á, kò ní sí ọ̀rọ̀ mọ́."

Ọ̀rọ̀ ò dùn lẹ́nu ìyá olè. Inú bí mi gidigidi. Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tí kò ní gbàgbé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ẹ̀yìn orí rẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀, mo rí i pé bó bá jẹ́ èmi ni àbúrò, tí òun sì jẹ́ ẹ̀gbọ́n, ǹ bá ṣe ohun tó ṣe gan-an. Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn. Mo ní kó dìde. Ìyàwó mi kò kí i, ó kọjá lára rẹ̀ lọ gbé oúnjẹ wá fún un.

Òun ló bá mi lọ sí ọsibítù. Dókítà náà, obìnrin, kán oògùn sí ojú mi, ó ní kí n fi àgbọ̀n lé irin, ó yẹ̀ ẹ́ wò pẹ́. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ń jò lẹ́yìn ojú ọ̀tún mi, ó ti pẹ́ tó ti ń jò, ó sì ti dá àpá sí àárín, níbi tí èèyàn fi ń rí ohun tó bá dojú kọ. Wọ́n á máa gún un lábẹ́rẹ́ kí ó má bàa burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n èyí tó ti lọ ti lọ. Ó bi mí bóyá ìlà kankan ò wọ́ lójú mi kó tó di báyìí, torí ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí n ti wá, wọn ì bá rí púpọ̀ gbà là nínú rẹ̀.

Mo ní ó wọ́. Mo ní mo rò pé awò ni.

Àbúrò mi jókòó lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Mi ò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Dókítà wá bi mí iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Mo sọ fún un. Ó gbé gègé rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní òfin àwọn tó ń gbé èrò le ju ti awakọ̀ lásán lọ, ojú ọ̀tún mi kò sì lè dé ibi tí òfin fẹ́ mọ́. Ó ní èmi fúnra mi ló yẹ kí n lọ sọ fún wọn níbi iṣẹ́, kí n tó tún jókòó sídìí bọ́ọ̀sì.

Ìyàwó mi ní kí n má tíì sọ. Ó ní kí n dúró ná kí àwọn abẹ́rẹ́ náà ṣiṣẹ́, kí a gbàdúrà sí i, kò sí ohun tó le tí kì í rọ̀. Ó ní, "Ojú òsì yín mọ́ roro. Ta ló máa mọ̀? Àyẹ̀wò tí wọ́n máa tún ṣe fún yín kò tíì tó àkókò." Mi ò bá a jà. Ó mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sílé wa bí mo bá jókòó sílé, èmi náà sì mọ̀ ọ́n. Èmi fúnra mi ti sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún ara mi nínú bálùwẹ̀, mo dí ojú kan, mo ṣí i, mo dí i.

Ọjọ́ tó yẹ kí n padà sẹ́nu iṣẹ́, àbúrò mi wá fi ọkọ̀ gbé mi. Òjò ń rọ̀. A gba ọ̀nà Deptford. Ó páàkì sí òdìkejì títì níwájú gáréèjì, bọ́ọ̀sì ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iná. Mo jókòó, mi ò lè dìde. Yàtọ̀ sí dókítà, kò sí ẹni tó tíì sọ fún mi pé kí n lọ. Gbogbo èèyàn tó nífẹ̀ẹ́ mi ní kí n dúró ná.

Òun náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, bóyá kí ẹ ṣe é títí ìparí oṣù ná. Ẹ mọ ọ̀nà yẹn. Bẹ́ ẹ bá di ojú pàápàá, ẹ máa wà á."

Mo ní, "Ìyàwó ẹ àti àwọn ọmọ ẹ, ṣé wàá jẹ́ kí wọ́n wọ bọ́ọ̀sì tí mò ń wà lónìí?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́."

"Mò ń bi ọ́ ni. Má ṣe wo ọjọ́ orí mi. Ṣé wàá jẹ́ kí wọ́n wọ̀ ọ́?"

Ó di ọwọ́ ọkọ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó wo iwájú. Mo dúró tì í. Mi ò ràn án lọ́wọ́.

"Rárá, sà," ló wí. "Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n wọ̀ ọ́."

Ó dùn mí wọ egungun. Mo fọwọ́ kan ejìká rẹ̀, mo ní kó ṣeun. Mo bọ́ sílẹ̀ sínú òjò, mo wọlé lọ bá ọ̀gá wa, mo sọ fún un pé mi ò lè wakọ̀ mọ́.